Èémí Méje fún Orúkọ Eyínfúnjowó

Ilẹ̀kùn náà kọ̀.

Pèjú tún gbé ọwọ́ ọ̀tún sí i. Ẹ̀gbà funfun tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ kan irin, ó dún ṣín, ilẹ̀kùn sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń pè tó ń díbọ́n pé òun ń sùn. Ó mọ̀ pé kò ní ṣí. Ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta rèé tó ti ń kọ̀. Síbẹ̀ àràárọ̀ ló ń kàn án, nítorí Màmá, ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà nínú yàrá náà, ti kìlọ̀ fún un pé ilẹ̀kùn tí wọ́n bá tì mọ́ni, bí a kò bá kàn án lójoojúmọ́, yóò rò pé a ti gbà.

Ó yí lọ sójú fèrèsé. Wọ́n ti fi irin dí i, ihò tó kù síbẹ̀ kò ju kí abọ́ kan gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti abọ́ ògì gbígbóná wọlé, ó ti àkàrà mẹ́ta tẹ̀lé e nínú ewé, lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ń kí kò lè rí orúnkún rẹ̀. Ó béèrè bóyá Màmá sùn dáadáa.

"Mo sùn. Ilẹ̀kùn ni kò sùn," Màmá dáhùn. "Bí mo bá ti yí ẹ̀gbẹ́ padà, á bi mí bóyá mo ti rántí."

Lókè àtẹ́rígbà, Agbọ́rọ̀ tan ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Dígí ni, kò tóbi ju àgbálùmọ̀ kan lọ, kò sì sí ilé tí kò sí ní Òkè-Àgbọn láti ọdún mẹ́tàlá tí Òfin Ìfura ti dé. Kì í ríran. Etí nìkan ni wọ́n fún un. Ohùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó sì mọ ọ̀wọ̀, nítorí àwọn tó ṣe é ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ta ni ẹ rí nídìí àgbá omi ìlú? Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Èémí méje ni ẹ ní."

"Eyínfúnjowó ni," Màmá wí, ó bu àkàrà jẹ.

"Ọkùnrin mọ́kànlélógójì ni àwọn ìyàwó ilé ń pè ní Eyínfúnjowó ní ìlú yìí. Ẹ pe orúkọ tó wà nínú ìwé ìlú."

Màmá ń jẹ àkàrà rẹ̀ lọ. Agbọ́rọ̀ ń ka èémí rẹ̀, nítorí òfin sọ pé èémí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè gan-an ni wọn yóò kà, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n kán òun lójú. Nígbà tó pé méje, ó dún tíń, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kú, etí rẹ̀ sì dí di òwúrọ̀ ọ̀la. Iye ọjọ́ tó wà lára ẹ̀gbà pupa ọwọ́ Màmá, àwọ̀ ẹni tí òfin tì mọ́lé, yí padà. Ọjọ́ kan ti tún gorí ìhámọ́ rẹ̀, bó ṣe ń gorí rẹ̀ láràárọ̀.

"Ó ti parí tiẹ̀," Màmá wí. "Wá, jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ènìyàn."

Ọdún méjìléláàádọ́ta sẹ́yìn ni Màmá wọ ilé Àwẹ̀ró ní ìyàwó. Lọ́jọ́ náà, àbúrò ọkọ rẹ̀ tó kéré jù wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu eyín méjì, ó sì rẹ́rìn-ín sí ìyàwó tuntun. Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ẹni tó ti wà nínú ilé kó tó dé, àgbà ló jẹ́ fún un. Màmá wá fún un lórúkọ tirẹ̀, Eyínfúnjowó, nítorí eyín méjì wọ̀nyẹn. Láti ọjọ́ náà, orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí Pèjú náà di ìyàwó ilé, orúkọ yìí ló bá nílẹ̀. Ó fi "Bàbá" ṣáájú rẹ̀, ó sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Eyínfúnjowó ṣe kò gbà ju wákàtí kan lọ. Ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ìfura tí wọ́n kó jọ sórí àwọn ará Ìsàlẹ̀-Ọfà kọjá ààlà, òfin sì ti omi mọ́ gbogbo àdúgbò náà, àtẹni tó ṣẹ̀ àtẹni tí kò ṣẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí àwọn abiyamọ ibẹ̀ ti ń fi aṣọ tútù nu ètè ọmọ wọn, ó fi bébà dídán tí wọ́n fi ń di bọ́tà wé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ kó má baà sọ ibi tó wà, ó gun àgbá omi ìlú tó wà lẹ́yìn ilé Àwẹ̀ró lọ́sàn-án gangan, ó yí irin rẹ̀, omi sì sọ̀kalẹ̀ lọ bá wọn. Màmá rí i láti ojú fèrèsé. Pèjú rí i láti ibi tó ti ń sá aṣọ. Fèrèsé Màmá ló sún mọ́ àgbá náà jù, nítorí náà òun ni ilẹ̀kùn kọ́kọ́ tì mọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Eyínfúnjowó fẹ́ lọ fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Màmá ránṣẹ́ sí i pé bó bá gbìyànjú rẹ̀, òun kò ní jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ títí òun yóò fi kú. Ó ní kí àwọn tó ń wá ẹni náà fi ẹsẹ̀ ara wọn wá a. Ọkùnrin náà ti lé ní ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ní ọmọ mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ló tọ́ ọ dàgbà. Ó gbọ́ràn. Láti ìgbà náà ló ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Pèjú wo inú ihò fèrèsé, ó rí ẹsẹ̀ Màmá lórí àpótí. Wọ́n ti wú, awọ wọn ń dán. Ọgọ́ta ọjọ́ ìjókòó ló fà á. Ó sọ ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti àná: ọ̀sán òní ni ìlú yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn olùdíje fún àga Òkè-Àgbọn nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, ọ̀túnla sì ni ìdìbò. Agbọ́rọ̀ ńlá wà nínú gbọ̀ngàn náà, kò sì sí ẹni tí kò lè bi ní ìbéèrè. Bí ẹ̀gbà olùdíje bá pupa kí ìdìbò tó dé, wọn yóò yọ orúkọ rẹ̀.

"Bó bá bi mí lónìí ńkọ́, Màmá?"

Màmá mu ògì díẹ̀. "Kí lo fẹ́ kí n sọ?"

"Bí mo bá pè é, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn yìí fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Màá sì wọlé ìdìbò. Màá lè yí òfin náà padà."

"Ìyẹn dáa."

"Àwọn Bàbá Eyínfúnjowó á lọ sẹ́wọ̀n fún ọdún mẹ́ta."

"Ìyẹn ò dáa." Màmá gbé abọ́ sílẹ̀. "Mi ò ní kọ́ ọ. Ẹnu rẹ ni. Tèmi tí mo mọ̀ ni pé, bí mo bá tilẹ̀ lè pe orúkọ ọmọ yẹn, mi ò ní pè é fún ẹni tó ti mí mọ́lé kó tó bi mí. Ẹni tó fẹ́ gbọ́rọ̀ lẹ́nu mi, ṣebí ó yẹ kó kọ́kọ́ kí mi ni."

Pèjú kò sọ fún Màmá pé òun ti dán orúkọ náà wò lẹ́ẹ̀mejì níwájú dígí ìwojú, láìjẹ́ kí ohùn jáde, pé ètè òun mọ ọ̀nà rẹ̀.

Nígbà tó dìde, Màmá pè é padà. Ó ní kó rántí pé èémí ara rẹ̀ ni wọn yóò kà. "Àwa tá a ti fẹnu fẹ́ iná igi tútù, èémí wa a máa gùn. Má ṣe kánjú lò ó."

*

Gbọ̀ngàn ìlú wà lórí òkè, àwòdì irin mẹ́ta tí ìjọba fi ń ṣọ́ ìlú ń rà bàbà lókè rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí, olùdíje kejì, dúró de Pèjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin pẹ̀lẹ́ ni, ó ti tó bàbá rẹ̀, ọmọ rẹ̀ àbígbẹ̀yìn sì ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan pẹ̀lú Pèjú nílé ẹ̀kọ́. Ó fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní òun gbọ́ pé Agbọ́rọ̀ lè bi í nípa ọ̀rọ̀ omi. Ó ní òun kò fẹ́ fi ìyẹn borí rẹ̀, kò níyì.

"Pe orúkọ náà, ọmọ mi. Pè é, wọlé sílé ìgbìmọ̀, kó o wá lọ ba òfin náà jẹ́ láti inú. Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í béèrè ikú tó pa baba ẹni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Pèjú lára nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́nà. Ó dúpẹ́, ó sì wọlé.

Akọ̀wé ìdìbò, Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó ní ojúṣe òun ni láti bi í lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ó fẹ́ pààrọ̀ adípò rẹ̀. Gbogbo olùdíje ló gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà ẹ̀gbà ará ilé rẹ̀ kan sílẹ̀, ẹni tí yóò dípò rẹ̀ bí ẹ̀gbà tirẹ̀ bá pupa. Nọ́ńbà Màmá ni Pèjú kọ. Àwọn tó jókòó níwájú ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé ni yóò dípò rẹ bí wọ́n bá tì ọ́ mọ́lé," Láníhùn wí. "Ó yé ọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó yé mi, sà. Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ò lè fo àgbà ilé kó lọ kọ ti àbúrò."

Ọkùnrin kan ní bí ìwà ọmọlúwàbí bá ń gba ìbò, ìyàwó yìí ti wọlé lánàá. Láníhùn mi orí, ó sì ti ìwé rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó rán wọn létí bí ìlú ṣe rí kí Òfin Ìfura tó dé: ewúrẹ́ tí kì í sùn síta, obìnrin tí kì í dá lọ sódò, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jí gbé lọ́nà oko tí wọn kò rí i mọ́ di òní. Ó ní ẹni tí kò bá ní nǹkan kan lábẹ́ aṣọ kò ní bẹ̀rù atẹ́gùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Pèjú náà pàtẹ́wọ́, nítorí òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó mọ ọmọ náà.

Ó wá kan òun. Ọ̀rọ̀ kì í yá Pèjú lẹ́nu láàárín èrò. Ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó mọ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn Màmá, àti bó ṣe ń dún. Kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí ohùn kan láti àárín fi bi í bóyá olè ni ilé Àwẹ̀ró fẹ́ máa gbè lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin ni mo mọ̀ sí olóko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n," Pèjú wí. "Nígbà tí ọ̀bọ ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín, ṣé gbogbo igbó lẹ ti mọ́lé?"

Ẹ̀rín sọ. Inú ẹ̀rín náà ni ìmọ́lẹ̀ ti tàn lókè, níbi tí Agbọ́rọ̀ gbọ̀ngàn, tó tóbi tó ọpọ́n ayò, so kọ́ sí. Láníhùn dorí kodò bí ẹni tó ń tijú fún àlejò.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyáàfin Adépèjú Àwẹ̀ró. Ẹ̀gbà yín wà lẹ́yìn ilé yín ní ọ̀sán tí wọ́n ṣí omi fún Ìsàlẹ̀-Ọfà. Ta ni ẹ rí? Ẹ pe orúkọ rẹ̀. Èémí méje ni ẹ ní."

Ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó bá wù ú láàárín èémí méje náà. Orúkọ nìkan ló lè dá a dúró. Pèjú mọ èyí. Ó fa èémí àkọ́kọ́ sínú, ó sì jẹ́ kó jáde díẹ̀díẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ rìn yí gbọ̀ngàn ká. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rí Eyínfúnjowó, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń lọ́ ọ. Ó tètè gbé ojú kúrò kí àwọn èrò má baà tẹ̀ lé e.

Ó fa ìkejì. Igi tútù, ó wí fún ara rẹ̀. Má kánjú.

"Mo rí ẹni tó ṣí omi," ó wí. "Mi ò ní parọ́ fún yín pé mi ò rí i. Mi ò sì ní sọ pé kò rú òfin. Ó rú u."

Gbọ̀ngàn mì. Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí na ọwọ́ kan sí i láti orí àga rẹ̀, bí ẹni tó ń gba ènìyàn níyànjú pé kó rọra ré odò kọjá.

"Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù, títí wọ́n fi ní kí adájọ́ wa lọ sinmi. Bí wọ́n bá mú ẹnikẹ́ni wá, ohun tí bàbá yẹn kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé kí wọ́n tú u lọ́wọ́, kí wọ́n fún un ní àga. Ó ní ẹni tí ẹ dè kò lè gbọ́ ìbéèrè yín, okùn ló ń gbọ́." Èémí rẹ̀ tán. Ó fa òmíràn, kò mọ iye tó jẹ́ mọ́. "Nígbà mìíràn ó máa ń ṣì í dá. Bó bá ti ṣì í, kì í lè yọjú sọ́jà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìtìjú yẹn ni mo fẹ́ kó padà sí kóòtù wa. Agbọ́rọ̀ ò lè tijú. Wọ́n kọ́ ọ ní ìkíni, wọn ò lè kọ́ ọ ní ìyẹn."

"Mẹ́ta ló kù," Láníhùn wí, jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè.

"Bí ẹ bá rán mi lọ, ohun tí n ó bá wọn fà nìyí. Kí wọ́n má ti ẹnikẹ́ni mọ́lé kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí wọ́n má fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan gba omi lẹ́nu àdúgbò. Ẹni tó bá ba nǹkan jẹ́, kó tún un ṣe lójú ẹni tó bà á jẹ́ fún, dípò kó lọ máa jókòó sínú irin kí oúnjẹ wa máa tẹ̀ lé e lọ. Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí sọ òótọ́, olè wà, ajínigbé wà, kí ẹ mú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, ẹ má pè é ní ọ̀daràn nítorí pé ó dákẹ́. Àwọn ìyá wa dákẹ́ lórí ohun púpọ̀ kí ilé má baà tú."

Ó fa èyí tó ṣáájú èyí tó kẹ́yìn, orúkọ náà sì gòkè wá bá a. Ó rí ẹsẹ̀ Màmá lórí àpótí. Ó rí ilẹ̀kùn tó ń ṣí, àti orúkọ ara rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò, àti ọ̀rọ̀ èèkù idà. Kò sí ẹni tí yóò bá a wí. Òun nìkan ni yóò mọ̀ pé nígbà tí òfin tí òun fẹ́ pa wo ojú òun, òun kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún un. Bó bá lọ sílé ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ẹnu tí wọ́n ti ṣí tipátipá, ta ni yóò bá sọ pé ẹnu kì í ṣe ilẹ̀kùn ìjọba?

Ó pa ètè dé. Èémí náà gba imú jáde, ó pẹ́ gan-an kó tó tán. Ó fa ìkeje.

"Ẹnu mi nìyí," Pèjú wí. "Ilé mi ni. Ẹni tó bá kàn án, tó dúró, ni mo ń ṣí i fún."

Tíń.

Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ gbóná díẹ̀, funfun rẹ̀ sì di pupa láti etí kan dé èkejì, bí ìgbà tí epo bá ń wọ inú ẹ̀kọ. Agbọ́rọ̀ sọ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ kan náà pé Ìyáàfin Àwẹ̀ró kì í ṣe olùdíje mọ́, pé kó wà nínú yàrá rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Ìgbà náà ni àga kan dún gìrì lẹ́yìn. Eyínfúnjowó ti dìde.

"Ìyàwó kan ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nítorí mi," ó wí. "Ìkejì ti fẹ́ wọlé. Bí mo bá tún jókòó, orúkọ eyín funfun tí wọ́n fún mi kò yẹ mí mọ́." Ó rìn bọ̀ wá síwájú, ó ń tú bébà dídán kúrò lára ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, ó dà bí ẹni pé kò bọ́ ọ láti ọjọ́ náà. Ó gbójú sókè sí dígí. "Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo kàn fẹ́ sọ ọ́ ni. Orúkọ mi ni Ọláníyọnu Àwẹ̀ró. Èmi ni mo ṣí omi. Mo rí àwọn ọmọ náà, mo sì ṣí i. Mo fẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ẹjọ́ mi."

Gbogbo ìyàwó ilé Àwẹ̀ró tó wà níbẹ̀ wolẹ̀ nígbà tí orúkọ náà jáde, bí ẹni tó ṣèèṣì bá àgbà níbi tó ti ń wẹ̀. Obìnrin kan láti Ìsàlẹ̀-Ọfà kọjá láàárín èrò, ó bu omi kún ife, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e fún un. Ó mu ún tán kí àwòdì irin tó dúró lókè orí rẹ̀.

"A ti gba orúkọ náà," Agbọ́rọ̀ wí. "Ìhámọ́ àgbà ilé Àwẹ̀ró ti parí. Ti Ìyáàfin Adépèjú kò yí padà, nítorí ó ní òun mọ ẹni náà, ó sì kọ̀ láti pè é."

Láníhùn ṣí ìwé rẹ̀. Ohun tó kù láti ṣe kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òfin ní kó kà á sókè. Ó ka orúkọ Adépèjú, ó fa ìlà sí i. Ó ka nọ́ńbà ẹ̀gbà adípò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ìka rẹ̀ ń tọ ọ́ lọ, títí ó fi dé ibi tí àwọ̀ ẹ̀gbà ti ń yí fúnra rẹ̀ lórí ìwé. Ó dúró. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Funfun," ó wí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé wọn. Obìnrin olómi náà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Látúnjí ṣí fìlà, ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Ó ní òun ti ń múra láti bá ọmọ jà, ìyá ni wọ́n wá gbé ko òun lójú báyìí.

*

Adípò gbọ́dọ̀ fẹnu ara rẹ̀ gbà kí oòrùn tó wọ̀, nítorí náà Láníhùn bá Pèjú rìn dé ilé. Ilẹ̀kùn Màmá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá jókòó sínú yàrá lórí àpótí rẹ̀, ó ń mu ògì àárọ̀ tó ti tutù, kò sì dà bí ẹni tó ń lọ síbì kan.

"Ó ṣí lẹ́ẹ̀kan náà," ó wí. "Kò bi mí bóyá mo fẹ́ jáde. Mo ní kó dúró dè mí." Ojú rẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ Pèjú, sí ẹ̀gbà pupa. "O pè é?"

"Rárá, mà."

"Ta ló wá pè é?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọ́n dìde láàárín èrò. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn."

Màmá gbé abọ́ bo ojú bí ẹni tó fẹ́ mu èyí tó kù nísàlẹ̀. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ tutù. "Kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu," ó wí. "Ó ti dàgbà."

Láníhùn dọ̀bálẹ̀, ó ṣàlàyé. Màmá gbọ́ ọ parí. Ó ní òun kò mọ ìwé púpọ̀. Láníhùn ní òfin kò béèrè ìyẹn. Màmá ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Láníhùn ní àga wà níbẹ̀.

"Bí mo bá débẹ̀, ṣé wọ́n á ní kí n pe orúkọ ẹnikẹ́ni?"

"Wọ́n lè bi yín, mà. Títí ẹ ó fi yí òfin náà padà."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà pé mo gbà. Pèjú, bá mi wá ọ̀pá mi."

Pèjú wá a rí, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó sì yọ ìwé tó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí nínú àpò, ó gbé e lé e lórí itan. Màmá ní ojú òun kò ká irú ìkọ̀wé wẹ́wẹ́ bẹ́ẹ̀, pé kó máa kà á fún òun láti ojú fèrèsé lálaalẹ́ títí òun yóò fi mọ̀ ọ́n. Oòrùn ti ń bà lé orí àgbá omi. Pèjú kí wọn, ó wọ yàrá tirẹ̀ ní òdìkejì àgbàlá, ó sì gbọ́ bí irin ṣe wọ inú irin lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn. Ó rò pé ẹkún ni yóò kọ́kọ́ wá, ṣùgbọ́n oorun ni.

Ilẹ̀ mọ́. Ohun tó jí i ni ìró ọ̀pá tó ń gba àgbàlá bọ̀, tó ń dúró, tó tún ń bọ̀. Ó dé iwájú yàrá rẹ̀. Nǹkan kan kan irin láti ìta, ó dún ṣín.

Ilẹ̀kùn náà kọ̀.

Màmá tún kàn án.